Ẹ Bá Mi Yá Bàálù Yẹn Níwèé Àṣẹ fún Ọ̀sán Kan Péré

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi, ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo kí iṣẹ́ tí ò ń ṣe, mo kí ọ́fíìsì tí o ti ń ṣe é, mo sì kí àga tó gbé ọ ró níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun lásìkò? Bí o bá wà lórí ìdúró tí o fi ń ka ìwé yìí, jọ̀ọ́ wá ibì kan jókòó sí, bó bá sì jẹ́ pé iwájú bàálù lo dúró sí, kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ ná kí o tó máa kà á lọ. Ọlọ́run tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ kò ní gbà ọ́ padà lójú mi, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ẹnu rẹ kò ní kó bá ọ, àwọn tó ń wá ìṣubú rẹ ni yóò máa gbé ọ dìde. Àmín. Àwa nílé náà wà, a ò lè ní a ò sí, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, ìdí sì nìyẹn tí mo fi pa ẹ̀rọ ìránṣọ mi tì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ báyìí, tí mo wá mú bírò.

Kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé, kí o má baà sọ pé wàhálà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Ewúrẹ́ funfun ti bímọ, akọ méjì, wọ́n sì ti jẹ etí fìlà bàbá rẹ. Kápẹ́ńtà tó kọjú sí ilé wa ti ra ẹ̀rọ amúnáwá, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iná tó ń mú wá lọ, ṣùgbọ́n a ò lè bá a jà nítorí òun ló ń bá wa fi iná sí fóònù. Òrùlé yàrá tí o máa ń sùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, abọ́ náà sì ti mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú bàbá rẹ ni mo ń bọ̀ wá sọ. Èyí ọ̀tún ti dákẹ́ tán, ti òsì ló kù tó ń dá iṣẹ́ àwọn méjèèjì ṣe, ó sì ti ń rẹ òun náà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wọ́n rí gáùnù oníbàárà mi kan tí mo fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n béèrè ará ilé àti àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó yá mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Ìwọ náà mọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa, pé dókítà ojú tó wá ṣe àlejò lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí ló dá fún bàbá rẹ, bó bá ti kọjá ọjọ́ náà ó ń padà sí ìlú rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò tún yọjú. Nọ́ọ̀sì tún ní bí ó bá ṣeé ṣe kí wọ́n má gba ojú títì, nítorí eruku ọ̀nà wa àti bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n jìgìjìgì kò dára fún ojú tó rí báyẹn. Ìyẹn lo ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ fún wọn. Ọlọ́run yóò máa pèsè fún ọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi sínú fóònù yẹn, a tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Mo fi aṣọ òtútù wé fóònù náà, bàbá rẹ sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fi pe ẹnikẹ́ni, kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ jù níbẹ̀ kó ti tíkẹ́ẹ̀tì dànù. Nígbà tí fóònù kú lọ́jọ́ Àìkú, mo figbe ta, mo rò pé ìjókòó bàbá rẹ ti kú mọ́ ọn nínú ni. Kápẹ́ńtà ló bá wa gbé e sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ títí tó fi jí, a sì bá tíkẹ́ẹ̀tì náà níbi tó wà, kò tiẹ̀ rù.

Àfi bí rédíò ṣe lanu láàárọ̀ àná. Ó ní ìjọba ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù tí bàbá rẹ fẹ́ wọ̀ yìí gan-an, pé wọ́n yẹ ìwé owó wọn wò, wọ́n rí i pé agbára wọn kò gbé iṣẹ́ náà mọ́, pé tíkẹ́ẹ̀tì oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń tà kí wọ́n tó rí epo rà fún toṣù yìí, owó àwọn èrò tí wọn ò gbé sì wà lọ́rùn wọn. Ó wá dárúkọ ọ́fíìsì yín. Bàbá rẹ na ọwọ́, wọ́n sì fi pa rédíò lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Èmi ò lè yọ̀ ní tèmi. Ohun tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ò ń bá ìjọba ṣọ́ àwọn oníbàálù, pé o máa ń wò ó bóyá owó wọn tó ohun tí wọ́n dáwọ́ lé, kí wọ́n má rẹ́ èrò jẹ, kí ẹni tí wọn ò gbé sì rí owó rẹ̀ gbà padà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà lẹ máa ń jáde lọ dá bàálù dúró. Bàbá rẹ wa lọ́rì títí ewú fi hù lórí wọn, mo sì mọ ohun tí ojú àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró ń rí. Jọ̀ọ́, má ṣe máa dúró sáàárín ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ ni kí o máa wà, kí o na ọwọ́ sókè dáadáa, nítorí nǹkan tó tóbi tó yẹn, bó bá tẹ bíréèkì, ibi tí yóò ti dúró á jìn. Bí wọn ò bá fún yín ní aṣọ tó ń tàn, fi ìwọ̀n èjìká rẹ ránṣẹ́ kí n bá ọ rán pupa kan.

Láti àná náà ni mi ò ti gbúròó bàálù tó máa ń gba orí ilé wa kọjá lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta. Mo jáde síta, mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro mí, bóyá màá rí i níbi tí ẹ dá a dúró sí. Mi ò rí i. Ẹ̀rù àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń bà mí, ṣé wọ́n ti jẹun, ṣé ẹ ti wá nǹkan fi gbé wọn sọ̀ kalẹ̀? Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ọ́fíìsì yín lẹ kó àwọn bàálù náà sí, ẹ wá tapólì bò wọ́n kí òjò tó dé.

Nígbà tí o pè wá ní ìrọ̀lẹ́ àná, o ní bàálù yẹn kò ní fò, pé o ti wá àyè kiri nínú ti àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù, wọ́n ní ó kún títí di ẹ̀yìn ọjọ́ Ajé. O wá ní ká má béèrè nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ lórí fóònù. Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní kí n má yọ ọ́ lẹ́nu, mo pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra mi lórí fóònù kápẹ́ńtà. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, kò jẹ́ kí n kí i tán tó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù mi. Mo ní kò tọ́pẹ́. Orin díẹ̀, ó tún dúpẹ́ fún sùúrù mi. Inú mi dùn débi kan, nítorí láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, kò tíì sí ẹni tó yìn mí fún sùúrù nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo bi í nípa bàbá rẹ, kò fèsì sí ọ̀kan, ọpẹ́ nìkan ló ń dá, títí owó kápẹ́ńtà fi tán.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé, mo sì kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí. Ẹ bá mi yá bàálù yẹn níwèé àṣẹ fún ọ̀sán kan péré. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan. Mi ò ní kí ẹ fi fún wọn. Irin ìlọṣọ mi náà, àwọn ará àdúgbò máa ń yá a, wọ́n á lo tiwọn, wọ́n á dá a padà, kò sì sọ pé kì í ṣe tèmi mọ́. Ẹ jẹ́ kó gbé bàbá rẹ, kó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín, bí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ báyìí, kí ẹ gba ìwé yín padà, kí ẹ tiẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ pé epo ni kò tó, bàbá rẹ kò wúwo.

Nǹkan ayọ̀ kan tún ṣẹlẹ̀. Ṣé o rántí ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù náà ní títì ńlá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnu-Dùn? Ó wá sílé wa láàárọ̀ yìí, ó ti aṣọ aláwọ̀ sánmà wá lórí ọmọlanke, ìgàn lórí ìgàn, ó sì gbé àga bàálù kan lé e. Àga bàálù gidi, ọmọ mi, nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti gbọ́ nípa ọwọ́ mi, pé èmi ni kí n rán aṣọ ìjókòó fún gbogbo bàálù wọn, ó sì san àsansílẹ̀. Mo jókòó sínú àga náà kí n lè mọ bí yóò ṣe rí lára, mo de ìgbànú rẹ̀ mọ́ra, ó há, àfi ìgbà tí kápẹ́ńtà wá bá mi tú u. Ẹnu-Dùn ní ìjókòó iwájú ni bàbá rẹ yóò máa jókòó sí títí ayé wọn, láìsan kọ́bọ̀. Ó wá ní kí n bá òun kí ọ gidigidi, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ, ilé-iṣẹ́ àwọn á dìde. Mo ní màá kí ọ. Mo ti gé lára aṣọ náà kí n tó mú bírò. Bí bàbá rẹ bá dé láti gáréèjì tí wọ́n ti lọ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn àtijọ́, màá fi hàn wọ́n.

Ọjọ́rú.

Ọmọ mi, mo tún dé. Ìwé yìí kò tíì kúrò nílé, nítorí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni bọ́ọ̀sì tó ń wá sọ́dọ̀ yín máa ń gbéra. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá rẹ dé lánàá, wọ́n forúnkún gbá àga bàálù náà, wọ́n ní kó má bínú. Nígbà tí kò dá wọn lóhùn, wọ́n fọwọ́ pa á lára, wọ́n kan ìgbànú, wọ́n béèrè ohun tó jẹ́. Mo rò ó fún wọn tayọ̀tayọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ jẹun tán ná. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bi mí pé ilé-iṣẹ́ tí kò rówó ra epo, níbo ló ti rówó ra aṣọ? Mo ní bóyá wọ́n ti ra aṣọ náà kí owó tó tán. Wọ́n ní ọ̀gá tó ni lọ́rì tí àwọn kọ́kọ́ wà, nígbà tí táyà já tí kò lè rà á, ọ̀dà ló lọ rà, ó kun ọkọ̀ títí ó fi ń dán, ó ya òdòdó sí i lára, àwọn èrò sì ń du ọkọ̀ náà wọ̀. Àwọn bá pa á tì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́jọ́ kan, àwọn sọ fún èrò kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bú àwọn, àwọn sì fẹsẹ̀ rìn wálé. Mo rántí ọjọ́ náà, èmi náà bú wọn.

Wọ́n wá béèrè pé kí ni Ẹnu-Dùn sọ gbẹ̀yìn kó tó lọ. Mo ní ó ní kí n kí ọmọ wa. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pé ìkíni yẹn gan-an ni ó rà lọ́wọ́ mi, aṣọ ni owó rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé aṣọ oníbàálù wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ, ta ni yóò tún gbà pé òótọ́ lo kọ nípa wọn? Mo fi aṣọ tí mo ti gé han bàbá rẹ, wọ́n fọwọ́ wá etí rẹ̀ títí, wọ́n ní a ó dá gbogbo rẹ̀ padà ni.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo pariwo mọ́ wọn, mo ní ojú wọn ńkọ́, ṣé ọ̀dà ló máa wo ojú wọn sàn ni? Mo ní ọmọ wa lè bá wa yá ìwé náà fún ọ̀sán kan. Wọ́n ní kí n má dán an wò, kí n má sọ ọ́, kí n má kọ ọ́. Wọ́n ní bí o bá gbà bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn, bàbá ẹlòmíràn ni yóò jókòó ti àwọn nínú bàálù náà, àwọn tí ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere náà kò sì ní rí ohun tí wọ́n jókòó lé. Wọ́n ní ojú lo jẹ́ fún gbogbo wọn. Mo palẹ̀ abọ́ mọ́.

Láàárọ̀ yìí kápẹ́ńtà ti ọmọlanke, bàbá rẹ fọwọ́ di àga náà mú lórí rẹ̀, èmi ru aṣọ, a dá gbogbo rẹ̀ padà fún Ẹnu-Dùn níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tòun tàsansílẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé ń wò wá. Ó gba àga, ó gba owó, ó gba aṣọ tó ṣì wà ní ìgàn, ó ní òun ò gba èyí tí mo ti gé, kí n tọ́jú rẹ̀. Mi ò fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Jọ̀ọ́, ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ nìyí: bí ọwọ́ rẹ bá tẹ̀ ẹ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra irú rẹ̀ dí i fún Ẹnu-Dùn, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ láéláé pé ìyá rẹ fi aṣọ oníbàálù bo àga ilé rẹ̀. Bó bá ṣẹ́kù, màá fi ra páànù kan sórí yàrá rẹ.

Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́.

Bàbá rẹ ti wẹ̀, wọ́n ti múra, ojú títì náà ni wọ́n ń gbà. Mo sunkún, mo bẹ̀bẹ̀, mo dárúkọ nọ́ọ̀sì, wọ́n ní àwọn mọ gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn ju bí nọ́ọ̀sì ṣe mọ abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì, bàbá rẹ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó ti ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni wọ́n máa jókòó sí, pé òun á rọra gba ibi tí kò dára. Mo rán nǹkan kan tí wọ́n máa fi bo ojú méjèèjì nítorí eruku. Ẹnu-Dùn ìbá ní aṣọ rẹ̀ ló yẹ ẹ́, mi ò fọwọ́ kan tiẹ̀. Wo aṣọ náà dáadáa nígbà tí o bá ṣílẹ̀kùn, wàá mọ̀ ọ́n, yunifọ́ọ̀mù rẹ ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ti tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà yẹn, mi ò sì mọ ìdí.

Mo ní kí n fún awakọ̀ ní ìwé yìí, bàbá rẹ ní kí ló dé tí a ó fi yọ awakọ̀ lẹ́nu nígbà tí àwọn alára ń lọ. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí n tètè fà á lé àwọn lọ́wọ́. Wọ́n bi mí ohun tí mo kọ tó gùn tó báyìí, mo ní ìkíni àti àdúrà ni. Mo fẹ́ fa ojú ewé tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún bàálù ya, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ èyí sí, kò sì sí ìwé mìíràn nílé.

Nítorí náà, ẹni tó gbé ìwé yìí fún ọ ló dúró níwájú rẹ yẹn, má jẹ́ kí wọ́n wà lórí ìdúró, gba báàgì lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá ní kò rẹ àwọn, irọ́ ni. Wọ́n á ní kí o ka ìwé sókè sí àwọn létí. Ka ìkíni, ka ti ewúrẹ́, ka ti òrùlé, fo ọ̀rọ̀ bàálù kọjá, kí o sì ṣe àmín sókè sí àdúrà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa yíyá ìwé, mo gbà á padà. Dúró lórí òtítọ́ tí o kọ. Ọlọ́run yóò dúró tì ọ́, kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tí o fi òótọ́ ṣe di ẹ̀gàn rẹ, ọwọ́ dókítà yẹn yóò mọ́ lára bàbá rẹ, ọ̀nà tó gbé wọn lọ yóò gbé wọn padà bọ̀ wá bá mi.

Bí dókítà bá sì ti tú aṣọ tó fi di ojú wọn kúrò, tètè wá ibi tó jìn fi ìwé yìí pamọ́ sí. Àdúrà tí mo ń gbà jù nìyẹn, pé kó di dandan fún ọ láti fi í pamọ́ kí wọ́n má baà rí i kà.

Èmi ni ìyá rẹ.